ALÙPÙPÙ ÀTI ẸNI TÍ Ó GÙN ÚN



Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Sùúrùlérè. Ìyá náà kọ̀wé pé ọmọ òun ọkùnrin, ẹni ọdún 31, ti ra alùpùpù ńlá kan, irú èyí tí ó ga nílẹ̀, tí táǹkì rẹ̀ gbòòrò, tí a sì lè so àpótí mọ́ ní ọ̀tún, ní òsì àti lẹ́yìn. Ọmọ náà ní òun àti ọ̀rẹ́ òun yóò gùn ún láti Èkó dé Dakar nígbà ọyẹ́ tí ń bọ̀. Ìyá ní: "Oorun kò kun ojú mi mọ́. Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí ó má lọ."

Màmá, mo kí yín. N kò ní kọ ọ́ pé kí ó má lọ. Ẹni ọdún 31 kì í ṣe ọmọ ọwọ́; bí a bá ní kí ó má lọ, ó lè lọ láìdágbére. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n kọ bí yóò ṣe lọ tí yóò sì bọ̀ ní àlàáfíà. Kí ẹ gé ojú ìwé yìí, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ní àwọn ọdún 1950, Ọlábísí Àjàlá gun Vespa, alùpùpù kékeré, káàkiri ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn náà jáde ní 1963, títí di òní yìí, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé, Àjàlá ni a ń pè é. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọjọ́ 41, ó sì fi ìrìn náà polongo ìjà lòdì sí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó ṣeé ṣe ni. Ṣùgbọ́n láti Èkó dé Dakar ju 3,000 kìlómítà lọ, ọ̀nà jíjìn kì í sì í dárí ohun kékeré jini.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wa kò pọ̀: alùpùpù àti ẹni tí ó gùn ún, ara kan ni wọ́n. Ohun tí a bá fojú fò lára ẹ̀rọ ní òwúrọ̀, ara ènìyàn ni yóò san gbèsè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní 2009, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tí mo fi ọdún mẹ́rin jù, gun alùpùpù méjì láti Èkó, ó di Accra. A sùn ní Cotonou. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ òórùn epo bẹntiróòlù ní ibi tí a gbé alùpùpù rẹ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo sì rí ibi tí epo ti kán sílẹ̀, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń yọ. Bí a bá dé Lomé, a óò wò ó." Èmi tí mo jẹ́ àgbà, mo gbà. Rọ́bà tí ó ń gbé epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì ni ó ti sán. Owó tí à bá fi ra òmíràn kò tó owó oúnjẹ àárọ̀ wa.

A kò tíì dé Lomé, lẹ́bàá Aného, nígbà tí táǹkì rẹ̀ gbẹ. Mo mú rọ́bà gígùn kan jáde, mo ki orí rẹ̀ kan bọ inú táǹkì tèmi, ọ̀rẹ́ mi fi orí kejì sẹ́nu, ó fà á. Ó ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe é. Lọ́jọ́ yìí, epo náà yára ju bí ó ti rò lọ. Ó gbé e mì, ó sì tá a lórí. Ó wú ikọ́ títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

Àwọn ìyá tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà sáré wá. Ọ̀kan nínú wọn gbé epo pupa wá. Inú rere ni ó fi ṣe é, ohun tí ìyá tèmi náà ìbá ṣe ni. Ọ̀rẹ́ mi mu ún, ó bì. Lójú wa, ó dàbí ẹni pé ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ní Lomé, ara rẹ̀ ti gbóná, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó sáré, ètè rẹ̀ sì ń dúdú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò níbẹ̀.

Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé. Ó ní epo tí ó wọ ikùn kọ́ ni ó sábà ń pa ènìyàn, èyí tí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí a bá wá mú kí ẹni náà bì, a tún fún epo náà láyè lẹ́ẹ̀kejì láti gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ọ̀rẹ́ mi yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ láìdúró sinmi. Èmi ni mo di rọ́bà náà mú. Èmi náà ni mo sì gbọ́ òórùn epo ní àárọ̀ tí mo dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ A TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Èkínní, kí alùpùpù bá ara ẹni mu. Nígbà tí a bá jókòó lé e pẹ̀lú ẹrù, ó yẹ kí ẹsẹ̀ wa lè tẹ ilẹ̀ dáadáa. Kí a sì dán an wò ní àgbàlá bóyá a lè gbé e dìde bí ó bá wó. Kì í ṣe ẹ̀yìn ni a fi ń gbé e. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a kọ ẹ̀yìn sí alùpùpù, kí a tẹ orúnkún, kí a di ọwọ́ rẹ̀ àti irin ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí a wá fi agbára itan tì í sókè. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn títí di òní, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbé ohun wúwo ní ìgbékúgbèé ni ó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí a ka ìwé tí ó bá alùpùpù wá. Ibẹ̀ ni a ó ti rí ìwọ̀n atẹ́gùn tí táyà ń fẹ́, bí ṣéènì ti yẹ kí ó dẹ̀ tó, irú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń mu àti ìwọ̀n ẹrù tí ó lè rù. Kí a lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí a tú táyà lójú rẹ̀, kí a sì dè é padà fúnra wa. Ẹrù wúwo, ìsàlẹ̀ ni kí ó wà. Bí ó bá wà lókè, alùpùpù yóò máa ju ènìyàn síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí a ń gba káàdì yẹ́lò fún, kò ní í ṣiṣẹ́ ní ojú ibodè títí ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé lẹ́yìn tí a gbà á. Kí a má dúró di àná ìrìnàjò. Láti 2016, ẹni tí ó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á títí ayé. Kí a bèèrè abẹ́rẹ́ ipá pẹ̀lú, pàápàá bí ó bá ti tó ọdún mẹ́wàá tí a gbà á kẹ́yìn, nítorí ọgbẹ́ ojú títì kì í wà láìní ìdọ̀tí.

ÀYẸ̀WÒ ÒWÚRỌ̀

Lójoojúmọ́, kí a tó fi bàtà lé alùpùpù, kí a fi ìṣẹ́jú 15 ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí.

1. Kí a wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bí ohunkóhun bá kán sílẹ̀, ìbáà ṣe epo, ọ́ìlì tàbí omi bíréèkì, a kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí a ó fi mọ orísun rẹ̀.

2. Kí a wọn atẹ́gùn táyà nígbà tí táyà ṣì tutù. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó yóò gbóná, ó sì lè bẹ́ lórí eré. Kí a fi ojú wá ìṣó àti ibi tí ó sán.

3. Kí a wo ṣéènì. Ó dára kí a nù ún, kí a sì fi ọ́ìlì sí i lẹ́yìn bí 500 sí 800 kìlómítà, kí ó sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò tàbí erukuru bá pọ̀. Bí ó bá le jù, yóò jẹ irin. Bí ó bá dẹ̀ jù, ó lè fò kúrò kí ó sì dè táyà ẹ̀yìn lójijì. Ẹ fetí sí èyí: a kì í nu ṣéènì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ni a fi ń yí táyà díẹ̀díẹ̀. Aṣọ ìnulẹ̀ lè há, kí ṣéènì sì fa ìka wọ inú eyín rẹ̀, kí ó gé e.

4. Kí a wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí alùpùpù dúró gangan.

5. Kí a fún bíréèkì ọwọ́, kí a tẹ ti ẹsẹ̀. Bí ó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ, tàbí bí awọ rẹ̀ bá ti tín-ín-rín, ìrìn parí títí a ó fi tún un ṣe.

6. Kí a tan iná wò, kí a sì fi sípánà kan bóòtù. Ọ̀nà kòtò-kòtò a máa tú bóòtù láìjẹ́ pé a mọ̀.

7. Nígbà ọyẹ́, kí a gbọn asẹ́ tí ó ń sẹ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì. Bí imú wa ti ń dí, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ ń dí.

Nígbà tí a bá yẹ ẹ̀rọ wò tán, ó kan ara. Ǹjẹ́ mo sùn tó? Ǹjẹ́ ìtọ̀ mi mọ́, àbí ó pọ́n bí tíì? Ǹjẹ́ ọwọ́ mi ń ṣe jìnnìjìnnì? Ǹjẹ́ ara mi gbóná? Ǹjẹ́ mo lo oògùn tí ń mú oorun wá, bí oògùn ara yíyún tàbí oògùn ikọ́ mìíràn? Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kò bá dára, ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ náà. Ẹni tí kì í gun alùpùpù tí bíréèkì rẹ̀ bàjẹ́, èé ṣe tí yóò fi gbé ojú tí kò sùn lé orí rẹ̀?

LÓJÚ Ọ̀NÀ

Atẹ́gùn tí ń fẹ́ lu ni lórí alùpùpù a máa tàn ni jẹ. Ó ń gbẹ òógùn kúrò lára kí a tó rí i, a ó rò pé a kò làágùn, bẹ́ẹ̀ ni omi ara ń lọ. Kí a má dúró de òùngbẹ. Lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì, kí a sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a mu omi, kí a na ẹsẹ̀, kí a yí ọrùn. Bí a kò bá rántí abúlé tí a kọjá kẹ́yìn, a ti rẹ̀ wá jù. Kí a dúró. Kí a má sì rìn lóru, nítorí ewúrẹ́, kòtò àti ọkọ̀ tí kò níná kì í ké síni.

Nípa àṣíborí: àkójọ ìwádìí kan tí ó jáde ní 2008 fi hàn pé, láàrin àwọn tí ó ní jàǹbá alùpùpù, àṣíborí ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá orí mu, tí a sì so okùn rẹ̀ ni mo ń wí, kì í ṣe èyí tí a gbé ka orí bí fìlà. Àṣíborí tí ó bá ti gba orí ẹni là nínú ìṣubú kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Kí a ra òmíràn. Bí ẹlòmíràn bá ṣubú tí ó sì ń mí, ẹ má fi ipá fa àṣíborí kúrò lórí rẹ̀, nítorí eegun ọrùn. Ẹ pe àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ariwo atẹ́gùn nínú àṣíborí náà a máa ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kí a fi rọ́bà kékeré tí wọ́n ṣe fún etí dí i nígbà tí a bá ń sáré lójú ọ̀nà gbọọrọ.

EPO BẸNTIRÓÒLÙ

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé ka dáadáa nìyí, àní ilé tí kò ní alùpùpù.

A kì í fi ẹnu fa epo. Rọ́bà tí ó ní ohun tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti fa epo wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Bí epo bá wọ ẹnu ẹnikẹ́ni, kí ó fi omi yọ ẹnu, kí ó tu ú dànù. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ẹ gbé e jókòó, ẹ bọ́ aṣọ tí epo rin kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá bí ó bá ń húkọ́ tàbí tí ó ń mí kíákíá. Bákan náà ni fún ọmọdé tí ó mu epo kẹrosíìnì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yé da kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ kò mọ̀ pé kì í ṣe ohun mímu.

A kì í fi bẹntiróòlù fọ ọwọ́. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi yọ ọ́ìlì dúdú kúrò lára, nítorí ọ́ìlì tí a ti lò, bí ó bá ń wà lára fún ọdún pípẹ́, ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara. A kì í sì í tan ẹ́ńjìnnì alùpùpù nínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti pa. Èéfín tí ń pa àwọn tí ó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, irú kan náà ni. Kò ní òórùn tí yóò fi jí ẹni tí ń sùn.

BÍ ÀÌSÀN BÁ DÉ

Ìgbẹ́ gbuuru: kí a ní ìyẹ̀fun O.R.S. nínú àpò, kí a pò ó mọ́ ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí iyọ̀ má pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ibà: kí a sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí. Bí ara bá gbóná, kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí a sì lo oògùn tán. Ẹni tí ibà mú kò gbọdọ̀ gun alùpùpù.

Iná sàlẹ́ńsà: bí irin gbígbóná bá jó ẹsẹ̀, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a fi sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ògì, kì í ṣe ọ́ìlì, kì í sì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Ajá: ajá fẹ́ràn láti lé alùpùpù. Bí ó bá bu ni jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a wá abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi lọ́jọ́ kan náà. Bí àrùn náà bá ti farahàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ń yè é.

Màmá, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ má bá ọmọ yín jà. Ẹ pè é jókòó, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́? Ṣé o lè tú táyà rẹ kí o sì dè é? Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní "ẹ jẹ́ ká máa lọ," ṣé o lè sọ pé "rárá"? Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹ̀kẹta pàápàá, ẹ súre fún un. Èmi kò lè sọ "rárá" ní Cotonou lọ́jọ́ náà, ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn ni ó sì san án.

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú 15 yẹ alùpùpù àti ara rẹ̀ wò kò pẹ́ jù. Dakar kò ní sá lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.